Mọ́tò Onífìlà

Owó Udoji ló mú un wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, ìjọba Gowon san àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dá lábàá, wọ́n sì ka owó náà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin ọdún tó ṣáájú. Kò sí ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn tí nǹkan tuntun kò wọ̀ lọ́dún náà. Àwọn kan ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan fẹ́ ìyàwó mọ́ ìyàwó. Àwọn tó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ti Udoji kún un, wọ́n ra Datsun tàbí Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní Yunifásítì Ìbàdàn, ra Morris Minor àlòkù tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ.

Bàbá Òjòó ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wa tó kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní Ọjà Ọba gbà pé ó ti fi Ìbàdàn sílẹ̀. Lójú tiwọn, Ọ̀yọ́ ló kó lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí kí n lè máa lọ sílé ìwé, èmi ni mo sì ṣí géètì lọ́jọ́ tó gbé mọ́tò náà dé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, jáde láti ibi ìdáná, ó yí mọ́tò náà ká, ó fi ìka tẹ òrùlé rẹ̀. Òrùlé náà tẹ̀ wọlé.

“Bàbá Ìbejì, aṣọ ni wọ́n fi ṣe é lórí.”

“Aṣọ ni.”

“A ó wá máa fọ̀ ọ́ ni?”

“A ó máa fọ̀ ọ́.”

“Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?”

Bàbá ò dáhùn. Ojú mi ló ń wò.

Àwọn ọmọ àdúgbò kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Onífìlà. Bí òrùlé bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á ní ó dé fìlà. Bí a bá ká a sẹ́yìn, wọ́n á ní ó ti ṣí fìlà, àwọn tí kò lójútì nínú wọn á sì dọ̀bálẹ̀ kí i. Orúkọ náà mọ́ àwa náà lẹ́nu nínú ilé. Bàbá fúnra rẹ̀ á ti inú yàrá pè mí pé kí n wá bá òun ká fìlà.

Ẹni tó bá mọ Òjòó lónìí, pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń pe Ìwó Road àti Móníyà, kò ní mọ irú ibi tó jẹ́ nígbà náà. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà níwájú wa lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Yunifásítì wà lẹ́yìn wa. Láàárín méjèèjì, oko àti igbó ló pọ̀ jù, ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró káàkiri. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ló jẹ́ ká mọ̀ pé ojú pópó la wà. Wọ́n á kó àlùbọ́sà, wọ́n á kó màlúù, wọ́n á dúró sí apá Ṣáṣá kí dírẹ́bà jẹun kó tó wọ ìgboro. Títì márosẹ̀ láti Èkó kò tí ì dé; ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Ojú ọ̀nà àtijọ́ là ń gbà, erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ nínú ohun gbogbo tí a ní, àti oúnjẹ, àti aṣọ, àti fìlà Morris.

Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta mọ́tò náà. Àwọn tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ a máa lẹ ìwé mọ́ pátákó ní Yunifásítì: fíríìjì wà fún títà, bẹ́ẹ̀dì wà, mọ́tò wà, ajá wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn ajá. Mọ́tò náà ti wà ní Nàìjíríà ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Èyí fún mi níṣẹ́. Bí tírélà bá wà níwájú wa, Bàbá tó jókòó sí ẹ̀bá igbó kò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Èmi tí mo wà lápá òsì ni mo máa wò ó fún un. Bí fìlà bá wà lórí, mo ní láti yọ orí láti fèrèsé. Bí a bá ti ká a, mo kàn máa nà dìde díẹ̀ ni, màá rí ọ̀nà títí dé ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, màá ní, “Ẹ máa lọ, Bàbá.” Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa gba irú rẹ̀ láyè lónìí, kò sì yẹ kí wọ́n gbà á láyè nígbà náà pàápàá.

Bàbá mọ ìtàn Morris Minor ju bí ó ṣe mọ ìtàn àwọn ìbátan wa kan lọ. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Earls Court ní London. Ọdún yẹn náà ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì, Bàbá a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni àwọn méjèèjì bá wá. Alec Issigonis ló ya àwòrán mọ́tò náà, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Smyrna, ìlú tó ń jẹ́ Izmir lórílẹ̀-èdè Turkey báyìí, tó tún wá ṣe Mini lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Morris fún títà, ó wò ó, ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n la mọ́tò kan sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fa ìlàjì méjèèjì kúrò lára ara wọn títí yóò fi dára lójú òun. Ínǹṣì mẹ́rin ni wọ́n fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ìlà fífẹ̀ kan fi gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì gbogbo Morris Minor kọjá. Mo ti pa àtẹ́lẹwọ́ mi lórí ìlà yẹn nígbà tí mo ń fọ mọ́tò kí n tó mọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Ti onífìlà yìí, ilẹ̀kùn méjì péré ló máa ń ní, wọ́n sì ṣe é títí di 1969. Mẹkáníìkì Bàbá ló là mí lóye nípa rẹ̀. Ó ní òrùlé irin tí mọ́tò yòókù ní kì í ṣe fún òjò nìkan, ó wà lára ohun tó di mọ́tò mú kó má ṣẹ́ láàárín. Èyí tí wọ́n bá ti yọ òrùlé rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wá agbára mìíràn fún un, torí náà ni wọ́n ṣe fi irin kún abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí irin abẹ́ yẹn bá dípẹtà, àárín mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ sọ fún èèyàn: á ti nínira láti tì, àlàfo òkè rẹ̀ á kéré, ti ìsàlẹ̀ á fẹ̀. Mẹkáníìkì yìí a máa ki ìka bọ àlàfo náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá, kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Kíká fìlà náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Mọ́tò ayé òní, èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, òrùlé á ká ara rẹ̀ wọ búùtù, ẹni tó ni í á máa wo àwọn tó ń wò ó. Tiwa, ọwọ́ ni. Bàbá á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá tutù, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ẹni tó máa ká a lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ló ń dúró níta. Aṣọ tútù tí a bá ká pọ̀ á bu. Òwú tí wọ́n fi rán an á jẹrà, irin tó wà nínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà níbi tí ojú kò tó. Bí ó bá gbẹ, èmi á gun ẹ̀yìn ìjókòó, màá fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ àti ní gbogbo ojú rírán, nítorí erùpẹ̀ tí a bá ká mọ́ inú aṣọ, á máa ha á bí mọ́tò ṣe ń jó lórí kòtò, títí aṣọ á fi fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ó yí gíláàsì ilẹ̀kùn méjèèjì wálẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀yìn kì í lọ sí ibì kankan. Láti 1951 ni wọ́n ti ń kàn wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á dúró gangan síbẹ̀, fìlà wà o, fìlà ò sí o. Ìkọ́ méjì ló wà lókè gíláàsì iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló di igi iwájú fìlà mú. Bàbá á dúró sí apá ọ̀tún, èmi á dúró sí apá òsì. Á ní, “Ó yá,” a ó sì tú ìkọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣíwájú èkejì, igi á lọ́. Bí igi bá sì ti lọ́, igun kan kò ní jókòó dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni òjò á sì máa gbà bọ́ sórí itan ẹni tó bá jókòó síwájú.

Igi là ń dì mú. A kì í di aṣọ mú. A ó gbé igi náà sókè pọ̀, a ó máa rìn ín lọ sẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Bí ó ṣe ń lọ, àwọn egungun onírin tó gbé aṣọ dúró á máa sún mọ́ ara wọn, aṣọ á máa rọ̀ sáàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí egungun méjì tó pàdé, ọwọ́ tó ṣófo gbọ́dọ̀ ti fa aṣọ àárín wọn jáde sí ẹ̀yìn, kí ó tẹ́ sílẹ̀ láìní wàhálà. Bí irin bá bu aṣọ jẹ lẹ́ẹ̀kan, kò ní hàn. Bó bá ń bù ú jẹ lójú kan náà lójoojúmọ́, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀ kó tó di òjò tó tẹ̀ lé e. Bàbá kì í pariwo lé èèyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbàgbé fífa aṣọ yìí, á dúró, á gbé igi náà padà síwájú, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fèrèsé ẹ̀yìn, rọ́bà tó mọ́ gaara ni, kì í ṣe gíláàsì. Oòrùn ti sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú kó tó dé ọwọ́ wa, béèyàn bá wo ẹ̀yìn láti inú rẹ̀, gbogbo Òjòó á dà bí ìrọ̀lẹ́. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ṣẹ́ po. Ìyá Ìbejì ti fún wa ní àjákù ìró rẹ̀ kan tó ti rọ̀ dáadáa, òun la máa ń tẹ́ sórí rọ́bà náà kí aṣọ tó bọ́ lé e. Níkẹyìn a ó tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó yọ síta wọnú, a ó fi bẹ́líìtì awọ de gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, a ó wá fa ìbòrí lé e, èyí tó ní bọ́tìnnì àtẹ̀ yíká etí rẹ̀. Láti àárín la ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ohun tó kù lẹ́yìn ìjókòó kò ju òkìtì kékeré kan lọ.

Ẹni tó ń tún un ṣe fún wa kò ṣe iṣẹ́ mọ́tò kéékèèké rí kó tó pàdé Bàbá. Àlááji kan ni, tàpólì tí wọ́n ń fi bo ẹrù tírélà ló ń rán lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rọ Singer àti abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó gùn ju ìka mi lọ, òwú rẹ̀ ni ó máa ń fi ìda oyin pa kí omi má bàa gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ó tún ti bá àwọn kan rán ìbòrí Land Rover. Nígbà tí Bàbá gbé Morris lọ bá a, ó ní kí a tú fìlà náà kúrò lára egungun rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó jókòó tì í, ó ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tọ́ka.

Ihò kéékèèké tó wà níbi tí egungun ti ń pàdé: ẹni tó ń ká a kì í fa aṣọ jáde. Ìyẹn ti pẹ́, ó ní, ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ló ṣe é. Ibi tó ya gbọọrọ létí iwájú: ẹnìkan ṣoṣo ló ń ká a, ọwọ́ kan ló sì fi ń fà á. Ìyẹn náà ti pẹ́. Fèrèsé rọ́bà tó sán wẹ́rẹ́ ní àárín: àárọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n ká a, nígbà tí rọ́bà ṣì le. Ó wá gbé apá òsì sókè, ó fi hàn wá bí aṣọ ibẹ̀ ṣe ń bó nísàlẹ̀ igi iwájú, nígbà tí apá ọ̀tún ṣì dára.

“Ọ̀gá Yunifásítì, èyí jẹ́ tuntun. Ẹni tó ń bá yín mú apá òsì kúrú. Kò lè gbé e ga tó yín, ó ń wọ́ ọ lórí gíláàsì.”

Ẹ̀yìn táyà tírélà kan ni mo dúró sí. Bàbá pè mí jáde kí Àlááji lè rí mi, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, káfíńtà ti kan àpótí kan fún mi, Bàbá ló sọ bí yóò ṣe ga tó. Káfíńtà kan náà ló fi ọ̀gánwó gbẹ́ igi iwájú tuntun nígbà tó yá, torí ikán ti wọ ti àkọ́kọ́.

Mo ti bá àwọn aránṣọ pàdé lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàdé, mi ò tí ì rí ẹlòmíràn tó ń ka aṣọ tó ya bí Àlááji ṣe ń kà á. Àwọn tó ni irú mọ́tò yìí ní IITA àti Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wá. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á sọ fún wa irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ẹni tí kò ní sùúrù, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kì í bá ràn lọ́wọ́, ẹni tó ń ká fìlà nínú òkùnkùn. Kò sí èyí tí a lè jiyàn rẹ̀.

Ìgbà tí à ń ká fìlà jù ni oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ kò tí ì mú erùpẹ̀ rẹ̀ dé, àti àwọn ọjọ́ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí orí sílẹ̀. Ìjókòó á gbóná débi tí Ìyá Ìbejì máa fi kọ̀ láti jókòó. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń jáde. A ó gba Orógun, a ó kọjá níwájú Yunifásítì, a ó dé Bódìjà lọ́jà, a ó padà. Ìyá Ìbejì á fi gèlè rẹ̀ wé orí dáadáa, á fi ọwọ́ kan dì í mú láti ilé títí dé ọjà, síbẹ̀ kò gbà kí a ti fìlà rí. Ẹni tó béèrè ta ni yóò máa fọ̀ ọ́.

Kíká nìyẹn. Títì rẹ̀ ló máa ń fi èèyàn hàn. Fìlà tó bá ti wà ní kíká fún ọjọ́ púpọ̀ á súnkì, igi iwájú kò ní fẹ́ dé ibi tí ìkọ́ wà mọ́, àfi kí a gbé mọ́tò sínú oòrùn kí aṣọ rọ̀ kí a tó fà á. Bí wọ́n bá ká a wọ́jọwọ̀jọ, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹjọ 1980, ọ̀rẹ́ Bàbá kan yá mọ́tò náà lọ síbi ìnáwó, òun àti dírẹ́bà rẹ̀ ni wọ́n ká fìlà. Wọ́n dá a padà lálẹ́ ní ṣíṣí, aṣọ há sáàárín egungun lójú ibi púpọ̀, bẹ́líìtì kan ti já. Bàbá ní tí ilẹ̀ bá mọ́ a ó wò ó. Ilẹ̀ mọ́, ó jẹ́ Sunday, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Gbogbo ará Ìbàdàn ló mọ òjò ọjọ́ yẹn, òun ni odò Ògùnpa fi kún tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní Òjòó níbi tí a wà, omi kò gbé wa, ṣùgbọ́n a kò rí fìlà tì. Èmi àti Bàbá fà á títí ọwọ́ wa fi bó, ìkọ́ kò pàdé ihò rẹ̀. Àlááji ló wá gbà wá, ó sáré gbé tàpólì tírélà tó ń rán lọ́wọ́ wá, a jù ú bo gbogbo mọ́tò, a fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgboro lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ìjókòó tó rin nínú ilé wa.

Mo ti kọjá ìgbà òṣèlú láìsọ ọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ológun gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú padà ní oṣù kẹsàn-án 1978, mọ́tò onífìlà di ohun tí gbogbo olùdíje ń wá. Kò yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ òmìnira, inú ọkọ̀ tí kò lórùlé ni olórí ìjọba ń dúró sí láti yẹ àwọn ológun wò, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ di ńlá ló sì fẹ́ dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá kì í gbowó lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ní òfin méjì: wọ́n á bọ́ bàtà kí wọ́n tó dúró lórí ìjókòó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jókòó lórí fìlà tí a ká. Wọ́n ń pa ti àkọ́kọ́ mọ́. Èkejì kò ṣeé ṣe, torí ibi tí fìlà wà ga, ibẹ̀ gan-an ni ojú èèyàn ti ń hàn jù, alágbádá kan sì wúwo fún egungun tí wọ́n ṣe kí ó gbé aṣọ. Bàbá á rán wọn létí Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa ní Dallas ní 1963 nínú mọ́tò tí wọ́n ti yọ òrùlé rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún jókòó sórí fìlà. Ìdìbò parí ní 1979, Bọ́lá Ìgè di gómìnà, Àlááji sì tún egungun wa tò.

Kì í ṣe òjò ló pa mọ́tò náà bí kò ṣe àìrí páàtì. Leyland tó wà ní Ìbàdàn níbí ń to Land Rover, wọn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Morris mọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní England sì ti dá a dúró láti 1971. Nígbà tí ọwọ́ ìjọba le lórí ohun tó ń ti òkèèrè wọlé, táyà pàápàá di ohun tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ẹni mọ ẹni wá. Olè tún pọ̀ sí i. Ilẹ̀kùn tí a tì pa kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ní bíléèdì lápò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò náà sínú ilé, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní 1984, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, ayàwòrán kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun fẹ́ máa fi gbé ìyàwó. Ó ka owó sórí tábìlì. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òyìnbó tó ta á fún òun kò gba owó òun títí òun fi ká fìlà náà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Ayàwòrán pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dì í mú ní aṣọ, Bàbá gbé igi padà síwájú. Wọ́n tún un ṣe, egungun bu aṣọ jẹ, Bàbá gbé igi padà síwájú. Ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn mọ́ ìbòrí, Bàbá ka owó náà, ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ àti àjákù ìró Ìyá Ìbejì.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú níhà Móníyà, ibi tí wọ́n kọrí sí gan-an. Ìyá Ìbejì ní kí Bàbá sọ fún wọn kí wọ́n ti fìlà kí wọ́n tó lọ. Bàbá ní onímọ́tò ti sanwó, ó fẹ́ kí ayé rí òun. Wọn kò tí ì rìn jìnnà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Láti ẹnu géètì a rí wọn tí wọ́n dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ayàwòrán ń fa apá kan, ọmọ iṣẹ́ ń fa èkejì, igi iwájú sì dábùú lókè láàárín wọn.

“Gbé àpótí rẹ,” ni Bàbá wí, ó ti ń káṣọ sókè. Mo ti ga jù ú lọ nígbà náà. Mo gbé àpótí náà, a sáré lọ bá wọn.